Skáànù, Ìkọ́ṣẹ́

Ìkọ́ṣẹ́ skáànù ni ẹ̀kọ́ fífi ìró tí ìgbì rẹ̀ ju 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, yẹ inú ara wò, kí gbohùngbohùn tí ẹran-ara dá padà lè di àwòrán. Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ló gbé ìmọ̀ náà jáde fún ìtọ́jú aboyún ní 1958.

Ọmọ Mówè àti Ìbàfọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ọmọ Ìfọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, a máa fi ọdún 5 kọ́ yíya àwòrán inú ara ní yunifásítì, irú èyí tó wà ní Ìdí-Àràbà lábẹ́ Yunifásítì Èkó, a máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ RRBN, ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn ayàwòrán inú ara ní Nàìjíríà tí òfin 1987 gbé kalẹ̀, a máa fi ọdún 1 kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, kí ó tó wá jinlẹ̀ nínú skáànù gan-an.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ í darí, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ òjìji òkúta inú ara yàtọ̀ sí àwòrán omi, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa àṣírí mọ́, nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ.