Òṣùwọ̀n Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré: Láti Owó Ìdánwò dé Àyẹ̀wò Ara Ẹni

Nígbà tí a bá wí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan dára, ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, àti irú òṣùwọ̀n tí ó lò. Nítorí ohun tí òṣùwọ̀n bá kà sí ni olùkọ́ yóò máa kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí kò bá kà sí, a ó fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òṣùwọ̀n wa àkọ́kọ́ ti wá. Ní ọdún 1862, Robert Lowe, ẹni tí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nínú ìjọba wọn, gbé òfin kan jáde pé bí àwọn ọmọ bá ti yege sí ni owó ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti pọ̀ sí. Ọmọ tí ó ń wá déédéé lè mú ṣílè 8 wá nípa ìdánwò: fún ìwé kíkà, fún ìwé kíkọ, àti fún ìṣirò. Bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan, ṣílè 2 àti pẹ́nì 8 ti lọ nìyẹn. Alábẹ̀wò ìjọba a sì wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti dán wọn wò. Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí: oúnjẹ ilé rẹ̀ ń bẹ ní ẹnu ọmọ ọdún méje! Kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Ìwé kan náà ni yóò máa kà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, títí wọn ó fi lè kà á lórí láìṣí ìwé lọ́wọ́. Matthew Arnold, tí ó ṣe alábẹ̀wò láti 1851 títí dé 1886, kò dákẹ́. Ó wí fún ìjọba nínú ìròyìn rẹ̀ pé ọmọ lè yege nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí kí ó má sì mọ̀ wọ́n ní tòótọ́. Síbẹ̀ ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ òfin náà sílẹ̀.

Kí ó tó kú ní ilé rẹ̀, ó ti dé Èkó. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882, tí a ṣe fún Èkó àti Gold Coast pọ̀, àti ti 1887, èyí tí Èkó ní fún ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yà á sọ́tọ̀ ní 1886, so owó mọ́ ìdánwò bákan náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin 1882 ní kí a máa kọ́ ọmọ láti kà àti láti kọ; kò fi àyè sílẹ̀ fún Yorùbá. Ẹ sì kíyèsí i pé ní 1884 gan-an ni Bíbélì Yorùbá parí lódindi. Nígbà tí Henry Carr wọ iṣẹ́ alábẹ̀wò ní 1889, ojú ọmọ ilẹ̀ wa ni a rí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n àlejò ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin Lugard ti 1916 sàn ju ti ìṣáájú lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi 30 fún ìwà, ìlànà àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ ilé-ẹ̀kọ́, 20 fún pípé àti ìmọ̀ṣẹ́ àwọn olùkọ́, 40 fún ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ, àti 10 péré fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. (Ẹ̀yin tí ẹ rò pé páànù tuntun ni ilé-ẹ̀kọ́ rere, ẹ gbọ́ bí.) Ṣùgbọ́n àlejò ṣì ni ó ń wá wọ̀n. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí Aggrey ọmọ Gold Coast wà nínú rẹ̀, rìn káàkiri ilẹ̀ wa ní 1920 sí 1921. Ìròyìn wọn jáde ní 1922. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé-ayé àwọn ènìyàn mu, kí alábòójútó sì máa tọ́ olùkọ́ sọ́nà. Òfin 1926 sì ṣe àlàyé iṣẹ́ àwọn alábòójútó tí àwọn Míṣọ́n fúnra wọn yóò yàn sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Níhìn-ín ni onílé ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ilé ara rẹ̀.

Èyí tí ó wù mí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ tí a kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ìwé tí wọn yóò lò kò sí. Wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́. Ìdánwò kò ṣàì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti gba ṣílè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwé rẹ̀ ni a ń dán wò. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ìyókù yọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gba èdè abínibí láàyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Kò bá a dé ọdún kẹfà. Ní 2022 ni ìjọba tó kéde ọdún mẹ́fà náà. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, ìdí tí minísítà ẹ̀kọ́ sì sọ ni pé àwọn ọmọ ń kùnà púpọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.