Igi Masquerade Kì í Ṣe Páìnì: Ìtàn Igi Mẹ́ta Tí À Ń Fi Orúkọ Kan Pè

 

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì n'Íjẹ̀bú-Òde, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ páìnì, igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè gbé fún yín. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹyọ kan síwájú ilé lè ní kò séwu. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kówó lé e, kó gbìn ín tà, gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ibi tí igi ti wá ló ń sọ bá a ṣe máa tọ́jú ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni masquerade, táwọn míì ń pè ní police tree. Òun ló ga gbọọrọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ dà wálẹ̀ bí egúngún tó wọ agọ̀, tí ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka nilé ẹ̀. Ará Faransé kan, Pierre Sonnerat, ló fún un lórúkọ ìwé ní 1782. Ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní Polyalthia longifolia, àmọ́ láti 2012 àwọn onímọ̀ ti yí i sí Monoon longifolium. Torí pé ó máa ń lọ sókè tààrà, wọ́n ń fi ṣe òpó ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Kò bá páìnì tan rárá. Ẹbí ẹ̀ẹ̀rù tá à ń fi sí àgbo ni, òun àti soursop. Èso wẹ́wẹ́ ló ń so, àdán sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ìkejì ni whistling pine, èyí tó ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Casuarina lorúkọ ìwé ẹ̀, láti Éṣíà àti Ọsirélíà ló ti wá. Ní etíkun Senegal, wọ́n gbìn ín kí iyanrìn má baà bo oko ẹ̀fọ́. Kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ń fa ajílẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, bíi ti ẹ̀wà. Ìyẹn ló fi ń hù nínú iyanrìn lásán. Òun náà kì í ṣe páìnì.

Ìkẹta ni páìnì gan-an, Pinus caribaea, láti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Caribbean. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ J4 nínú igbó Omo, ẹ mọ Gmelina tí ìjọba gbìn síbẹ̀ lọ súà torí ilé-iṣẹ́ bébà Iwopin. Fọ́nrán inú Gmelina kúrú. Bébà tó máa yi ń fẹ́ fọ́nrán gígùn, páìnì ló sì ní in. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba dán páìnì wò. Iwopin ò ṣiṣẹ́ débi tí wọ́n rò, Gmelina wá di pákó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò.

Páìnì náà ò kọ́kọ́ rọrùn. Nínú nọ́sìrì, ewé ọmọ igi ń pọ́n, ọ̀pọ̀ ń kú. Kì í ṣe omi ló ń dà wọ́n láàmú. Irú olú kan ló máa ń gbé mọ́ gbòǹgbò páìnì nílé ẹ̀, tó ń bá a fa oúnjẹ látinú ilẹ̀. Olú yẹn ò sí nínú ilẹ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n bu erùpẹ̀ ìdí páìnì àgbà láti ibòmíì, tí wọ́n pò ó mọ́ ilẹ̀ nọ́sìrì, lara wọ́n tó yá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, igi náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé:

1. Èso masquerade kì í pẹ́ kú. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ bí àgbàdo. Bó bá ti pọ́n tó já bọ́, ẹ fọ ara ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbìn ín lọ́sẹ̀ yẹn.

2. Ẹ gbìn ín síbi tí omi ò ní dúró sí, kẹ́ ẹ bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún àkọ́kọ́. Ẹ má gé orí ẹ̀. Bí orí bá ti lọ, kì í lọ sókè tààrà mọ́, oníbàárà ò sì ní san owó gidi.

3. Bó bá jẹ́ páìnì lẹ fẹ́ gbìn, ẹ wá erùpẹ̀ ìdí páìnì àgbà kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn.

4. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ewé. Bó bá gùn, tó fẹ̀ díẹ̀, tí etí rẹ̀ lọ́, masquerade ni. Bó bá dà bí abẹ́rẹ́ gígùn, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ nídìí kan, páìnì ni. Bẹ́ ẹ bá fà á tó ń já ní oríkèé-oríkèé, whistling pine ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe igi lórúkọ ẹ̀. Oníbàárà tó ra páìnì tó bá masquerade ò ní padà wá. Ire oko o!