Igi Ńlá Wà, Ọmọ Igi Dà?

Ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos wa níbí, igbó kan wà láàárín àwọn àpáta tí wọ́n ń pè ní Amurum. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ A. P. Leventis wà. Ẹni tó bá gbójú sókè níbẹ̀ á ní igbó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wolẹ̀.

Láyé àtijọ́, igi orí òkè Jos pọ̀ ju báyìí lọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, nǹkan yí padà. Rélùwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914. Ti Port Harcourt dé Jos ní 1927. Ọ̀pọ̀ bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn bá òwò yẹn wá. Èrò pọ̀, igi ìdáná ń lọ, oko ń gbòòrò. Ní 1942, tí Japan gba Malaya, ìjọba fi ipá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sídìí kùsà, nítorí ogun ń fẹ́ tánganran. Nígbà tó yá, wọ́n gbin yukalíptọ́ọ̀sì sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wà jẹ́, irú igi kan ṣoṣo. Igbó àbáláyé wá ku díẹ̀díẹ̀, lẹ́bàá odò àti láàárín àpáta, ọ̀kan jìnnà sí èkejì.

Àwa máa ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rọ́pò. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo igi ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àtílì tí à ń rà lọ́jà. Kóró rẹ̀ tóbi. Ẹyẹ kékeré ò lè gbé e mì. Ẹyẹ ńlá ló ń gbé e mì, tá a lọ pọ̀ ọ́ síbòmíràn. Èyí tó bá bọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀, kòkòrò àti àrùn tó ti mọ ibẹ̀ á pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí igbó bá wá kéré, tí wọ́n sì ti fi ìbọn lé ẹyẹ ńlá lọ, ta ni yóò gbé kóró? Iná ọyẹ́ á jó etí igbó, màlúù àti ewúrẹ́ á jẹ ìyókù. Irú igi mẹ́wàá lè wà lókè, kí ọmọ irú méjì péré wà nílẹ̀.

Ewu rẹ̀ nìyí: ojú kì í tètè rí i. Igi àgbà lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó wó. Ọjọ́ tó bá wó la ó mọ̀ pé igbó ti kú tipẹ́.

Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nípa àwa náà. Àwa Yorùbá tí a wà ní Jos, igbó kékeré ni wá láàárín àpáta. Àga àwọn àgbà kún lọ́jọ́ Ìsinmi, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè ka Bíbélì Yorùbá? Ta ló ń gbé kóró náà dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ẹ má sun igbó lásìkò ọyẹ́ yìí. Ẹ má sì dúró de ọjọ́ tí igi ńlá máa wó. Ẹ pe ọmọ kan sọ́dọ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ jọ kàwé.