Ìjàyè Lábẹ́ Kúrunmí

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin kò lè nìkan ṣe ohun gbogbo: Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ ọba tí ó bá di ìkà. Ní Ìjàyè kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjòyè wà, ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti gba agbára gbogbo sí ọwọ́ ara rẹ̀, ìmọ̀ràn wọn sì di asán.

Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti jẹ́wọ́ Adélù, ọmọ rẹ̀, ní ọba. Òtítọ́ ni pé àṣà àtijọ́ ni ó dì mú, nítorí Àrẹ̀mọ a máa bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbèjà Adélù. Ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ológun ni wọ́n, ogun ni wọ́n sì ń jẹ. Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní 1860.

Ta ni ìbá wí fún Kúrunmí pé, “Ó tó”? Ìyàn mú nínú odi. Nítorí oúnjẹ, àwọn òbí fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà fún àwọn Ẹ̀gbá tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, a sì ta púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ ni ó ṣe èyí, kì í ṣe ọ̀tá. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta 1862 Ìbàdàn wọ ìlú náà, wọ́n pa á run, wọ́n sì kó àwọn tí ó kù lẹ́rú.