Ìrántí Ẹ̀rọ Culham: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Pa Ìtàn JET Mọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí bá ìtàn ẹ̀rọ ńlá kan mu, èyí tí wọ́n ń pè ní JET, ní Culham, agbègbè Oxfordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ọdún ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Lónìí, wọ́n ti ń tú u palẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ó fi sílẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa mọ́. Lórí àkọsílẹ̀ yìí ni a ó sọ̀rọ̀ lé.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí? Ohun tí ń mú oòrùn ràn ni wọ́n fẹ́ ṣe nínú ilé. Nínú oòrùn, háídrójìn a máa dà pọ̀ di hílíọ́mù, agbára ńlá a sì máa ti inú ìdàpọ̀ náà jáde. Ní Culham, oríṣi háídrójìn méjì tí ó wúwo, deuterium àti tritium, ni wọ́n ń mú gbóná títí yóò fi kọjá dígíìrì 100 mílíọ̀nù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní plasma. Kò sí ìkòkò tí ó lè gba irú rẹ̀. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé e ró kí ó má baà kan ògiri. Àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì sọ ọ́ ní tokamak.

Ọdún 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ JET. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ni wọ́n jọ dá owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1983, plasma àkọ́kọ́ tàn nínú rẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí i ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1984.

Ìdánwò kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́. Bàbà ni wọ́n fi ṣe wáyà mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bàbà a sì máa gbóná. Nítorí náà ìdánwò kò lè kọjá ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, wọn a dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò kékeré yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì pinnu ohun tí wọn yóò yí padà. Ojú ènìyàn nìkan kò lè ṣe é. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ètò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí CODAS sílẹ̀. Òun ni ó ń darí ẹ̀rọ, òun náà ni ó ń kó dátà jọ. Kọ̀ǹpútà Norsk Data, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Nọ́wè, ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Gbogbo ìdánwò ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, abẹ́ nọ́ńbà náà ni gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àkọsílẹ̀ náà sí. JPF ni wọ́n ń pe èyí tí ó jẹ́ ohun tí àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n rí gan-an. PPF ni wọ́n ń pe èyí tí àwọn onímọ̀ ṣírò láti inú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tún ìṣirò ṣe, kò ní pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Tirẹ̀ yóò gba nọ́ńbà tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí odù bá ti hù lórí ọpọ́n, babaláwo kò gbọdọ̀ pa á dà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn awo lè jọ yẹ̀ wò.

Ìtumọ̀ náà sì ṣòro, nítorí ohun èlò tí wọ́n bá tì bọ àárín plasma yóò jóná. Láti ìta ni wọ́n ti ń wọn agbára mágnẹ́ẹ̀tì, tí kọ̀ǹpútà yóò wá ṣírò bí plasma ṣe rí. Ètò EFIT tí wọ́n ń lò fún èyí, Amẹ́ríkà ni ó ti wá: Lang Lao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Atomics gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1985. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, kọ̀ǹpútà Norsk Data kúrò nílẹ̀, kọ̀ǹpútà UNIX sì gba ipò wọn. Dátà inú ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Nígbà tí ó fi di ọdún 2012, ìdánwò kan lè mú nǹkan bíi gígábáìtì 35 wá. Bí ẹ̀rọ ti ń yí padà, wọ́n ní láti máa kó dátà àtijọ́ dání, bí ẹni tí ń kó ẹrù ìdílé lọ sí ilé tuntun.

Àǹfààní èyí hàn nígbà tí ó di ọdún 2011. Wọ́n ti yọ ògiri kábọ́ọ̀nù, wọ́n sì ti fi beryllium àti tungsten rọ́pò rẹ̀. Bí plasma bá já lójijì, agbára rẹ̀ lè yọ́ irin wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sípéènì bá wọn ṣe APODIS, ètò tí ó kọ́gbọ́n lára àwọn ìdánwò àtijọ́ kí ó lè kìlọ̀ ṣáájú ewu. Kọ̀ǹpútà wo ẹ̀yìn bí àgbà kí ó tó lè wo iwájú.

Ní ọdún 1997, JET mú agbára megajoule 22 jáde nínú ìdánwò kan. Ní ọdún 2021, ó mú 59 jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó mú 69 jáde láti inú epo tí kò ju mílígíráàmù 0.2 lọ. Síbẹ̀, èyí tí ó jáde kò tíì tó èyí tí wọ́n fi mú plasma gbóná. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún náà, ìdánwò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 105,842 parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò wọ̀nyẹn kò tún lè wáyé mọ́. Àwọn tí ń kọ́ ITER ní ilẹ̀ Faransé nílò ẹ̀rí wọn. Ṣùgbọ́n dátà nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀, ẹ kíyè sí èyí: ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìtumọ̀ mọ́ ọn, ẹ sì máa gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ tí ó bá ti ń gbó. Ohùn tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín kò yàtọ̀ sí ariwo.