Afẹ́fẹ́ Òru: Ìtàn Ẹ̀rọ CPAP àti Bó Ṣe Ń Gbó

Kò sí agbo ilé tí kò ní ẹni tó ń hanrun. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ó ní ẹ̀rọ ìlọta ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni ìgbà tí ariwo náà bá dákẹ́ lójijì. Ẹni náà ò mí. Ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó lè tó 30. Lẹ́yìn náà ni yóò ta gìrì, yóò fa èémí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí nínú odò, híhanrun á sì bẹ̀rẹ̀ padà. Sleep apnea ni àwọn dókítà ń pe èyí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro ṣàlàyé. Bí a bá sùn, iṣan ara máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ahọ́n àti ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀fun á wó lé ọ̀nà èémí, wọ́n á dí i. Àyà ń gbìyànjú láti mí, afẹ́fẹ́ ò wọlé, ọpọlọ á wá jí i díẹ̀ kó má bàa kú. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, wọ́n ní ó ti le gan-an nìyẹn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè sùn láti alẹ́ dòwúrọ̀, kó sì jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ni CPAP, síìpáàpù lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dáyé ò ṣòro gbọ́. Ohun tí a rí i pé wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ ọ̀hún bá gbó. Ta ló ń sọ pé ó ti gbó? Nítorí ẹni tó ń lò ó ò lè sọ pé òun á fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná, bí a ṣe máa ń ṣe sí fáànù tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1836 ni Charles Dickens bẹ̀rẹ̀ sí í gbé The Pickwick Papers jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọkùnrin sísanra kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ Joe, ibi gbogbo ló ti ń sùn. Nígbà tó di 1956, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, tí Burwell jẹ́ aṣáájú wọn, kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó sùn lọ nídìí tẹ́tẹ́ káàdì, bẹ́ẹ̀ káàdì ọwọ́ rẹ̀ lè kó gbogbo owó tó wà lórí tábìlì. (Ẹ̀yin tó ń gbá Whot, ẹ mọ̀ pé oorun tó bá lè gbé èèyàn lásìkò yẹn, kì í ṣe ojú lásán.) Wọ́n fi orúkọ ìwé Dickens pe àìsàn náà, àmọ́ ìsanra ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn ò wo ọ̀fun. Ó di 1965 kí àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn míì ní Jámánì tó wọn èémí àwọn aláìsàn lójú oorun, tí wọ́n sì rí i pé ó ń dá dúró.

Kí ni ìtọ́jú tó dájú nígbà náà? Wọ́n á lu ihò sí ọ̀fun, kí èémí lè yà kúrò níbi tó dí. Ó ń ṣiṣẹ́ o, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ihò lọ́rùn, tí èèyàn á máa dí lọ́sàn-án kó lè sọ̀rọ̀, tí á máa ṣí lálẹ́ kó lè mí.

Ihò yìí ni ọkùnrin kan ní Sydney, ní Ọsirélíà, kọ̀ ní 1980. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Colin Sullivan, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánádà dé ni, níbi tó ti ń wádìí bí ajá ṣe ń mí lójú oorun. Sullivan rò ó pé tí òun bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú èèyàn láìdáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ náà lè gbé ọ̀nà èémí dúró láti inú, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé fèrè rọ́bà ọmọdé dúró. Kì í ṣe ọ́síjìn o, afẹ́fẹ́ inú yàrá lásán ni. Ọkùnrin náà gbà kí wọ́n dán an wò fún òru kan. Bí wọ́n ṣe fi kún agbára afẹ́fẹ́ náà, èémí là. Bí wọ́n dín in kù, ọ̀fun tún dí. Wọ́n tún fi kún un, ó là. Ọkùnrin náà sì sùn.

Sẹ̀ǹtímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí. Ẹ ki sítíróò bọ inú omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fẹ́ ẹ: agbára tí ẹ lò kí afẹ́fẹ́ tó yọ nísàlẹ̀, òun náà nìyẹn. Nínú ìwé tí Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet ní 1981, aláìsàn 5 péré ni wọ́n sọ̀rọ̀ wọn, sẹ̀ǹtímítà 4.5 sí 10 ló sì tó fún wọn.

Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn á fi yangàn. Mótò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí nílẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Ìbòmú ọ̀hún ńkọ́? Wọ́n á wọn imú aláìsàn, wọ́n á ṣe é ní ìwọ̀n imú tirẹ̀ gan-an, alaalẹ́ ni wọ́n á sì máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Ariwo mótò náà ò ṣeé fẹnu sọ. Síbẹ̀, àwọn kan gbé e lọ sílé, wọ́n sì ń lò ó.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ariwo yẹn sọ́kàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Respironics ní Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1985, tí Peter Farrell sì dá èyí tó ń jẹ́ ResMed lónìí sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1989, ohun tí wọ́n ń bá ara wọn díje lé lórí ni kí ẹ̀rọ kéré, kó sì dákẹ́. Ó kéré títí tó fi lè jókòó sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dákẹ́ títí tí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́ ni fóòmù tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀.

Philips ra Respironics ní 2008. Ní June 14, 2021, Philips kéde pé fóòmù inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwọn, títí kan DreamStation àkọ́kọ́, lè máa rún, kí ègé dúdú rẹ̀ àti òórùn kẹ́míkà bá afẹ́fẹ́ wọ imú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sùn. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kó tètè ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀rọ tó lé ní mílíọ̀nù 5 káàkiri ayé. Ẹni tó ń sun oorun ire láti ọdún mélòó kan wá wà láàárín méjì: kó máa fa fóòmù símú, tàbí kó padà sí ọ̀fun tó ń dí. Philips kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ń lo CPAP dáwọ́ dúró. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Òmíràn ò sì yá láti rí, torí ọ̀wọ́n chip kọ̀ǹpútà wà níta lásìkò yẹn, ResMed gan-an ò lè ṣe tó bí ayé ṣe ń béèrè. Ọ̀pọ̀ dúró fún oṣù gbọọrọ.

Lẹ́yìn náà, Philips ní àyẹ̀wò àwọn fi hàn pé ewu rẹ̀ ò tó bí wọ́n ṣe bẹ̀rù; FDA ní àyẹ̀wò ọ̀hún ò tíì tó. Ní April 2024, Philips gbà láti san bílíọ̀nù 1.1 dọ́là fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Lójú tiwa, ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ojú ò tó fóòmù. Ẹ̀rọ ń tan, ó ń fẹ́, ó dákẹ́. Kò sí bí ẹni tó ń lò ó ṣe lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi sí i kó lè dákẹ́ ló ń jẹrà.

Àwọn míì wà tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà ṣáájú ìgbà yẹn. Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà, ka ọdún 5 sí i kí wọ́n tó sanwó òmíràn. Wọ́n sì ń ka wákàtí pẹ̀lú: láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ fi sun wákàtí 4, ó kéré tán, ní ìpín 70 nínú 100 òru láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ léra. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi iye náà ránṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ResMed kan tún máa ń kọ ọ́ sójú wọn pé ọjọ́ mótò àwọn ti pé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn aláìsàn náà ò káwọ́ gbera. Mark Watkins, ará Ọsirélíà, kọ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, SleepyHead, tó ń ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì kádì ẹ̀rọ náà, kí olóòrun lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí òru rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó fi í sílẹ̀ ní 2019, àwọn míì gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní OSCAR.

Kádì yẹn wúlò gan-an, torí ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ti gbó, ẹ̀rọ kọ́ ló gbó. Bí híhanrun bá padà, tí ẹnu ń gbẹ, tí oorun tún ń kunni lọ́sàn-án, ohun tó pọ́n kò wọ́n ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Epo ara máa ń sọ etí ìbòmú di líle, afẹ́fẹ́ á sì máa jò gba ẹ̀gbẹ́ imú. Okùn orí á fẹ̀. Rọ́bà gígùn tó gbé afẹ́fẹ́ wá lè lu níbi tó ti ń ká: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rọ́bà náà, ẹ tẹ́tí. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti dúdú á fún mótò lọ́rùn. Bí gbogbo èyí bá dáa, tí ariwo mótò yí padà, tàbí tí òórùn bí nǹkan tó ń jóná ń jáde, dókítà tàbí ẹni tó ta ẹ̀rọ ló kù, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ náà. Ẹ má fi ẹ̀rọ ózónù fọ̀ ọ́ o. FDA ti sọ pé ó lè jẹ́ kí fóòmù tètè rún. Ẹ má sì gbé e rìn nígbà tí omi ṣì wà nínú ike rẹ̀. Bí omi bá dà sí mótò, ìnáwó dé nìyẹn.

Fún àwa tí iná mànàmáná ń bá ṣeré ní Nàìjíríà, ohun kan tún wà. Ibi tó ń mú omi gbóná kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ ló ń jẹ iná jù nínú ẹ̀rọ náà. Bí a bá pa á, bátìrì ínfátà lè gbé e dòwúrọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó wo orúkọ àti nọ́ńbà ìdí rẹ̀ dáadáa, kó fi wé àwọn tí Philips pè padà. Àwọn tòde òní máa ń gba iná 100 sí 240, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá náà á ṣiṣẹ́ nílé wa.

Ọjọ́ tí tuntun bá dé, kí wọ́n da iye agbára afẹ́fẹ́ inú ti àtijọ́ kọ síbi kan kí wọ́n tó gbé e kúrò lórí tábìlì. Ìwé dókítà ló yẹ kó tún un ṣe sínú tuntun, kì í ṣe àbá ẹni tó tà á. Ti àtijọ́ ńkọ́? Bí kì í bá ṣe ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pè padà, ẹ nù ún, ẹ gbẹ omi inú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.