Bọ́mà Nínú Èkó

Dodan, Arakan, Myhoung: ará Èkó ń pe orúkọ bárékè mẹ́ta yìí bí ẹni pé Ìkòyí, Àpápá àti Yábàá ló bí wọn. Bọ́mà ni wọ́n ti wá. Myhoung ni Myohaung, tí ayé ń pè ní Mrauk U báyìí, olú-ìlú àwọn ọba Arakan láyé àtijọ́, ìlú tí tẹ́ḿpìlì Búdà kún fọ́fọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbà á lọ́wọ́ Japan nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Òṣòdì náà ní ìpín tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ti dá ibùdó sílẹ̀ kí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun náà lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní.

Ogun mìíràn tí kò nílò ìbọn ti ń lọ ní Bọ́mà kí àwọn sójà wa tó dé ibẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Mandalay ní 1885, tí wọ́n kó Ọba Thibaw lọ sí Íńdíà, àyà àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà já, nítorí ọba ló ń gbé ẹ̀sìn ró. Ọ̀kan nínú wọn, Ledi Sayadaw (1846–1923), bá gbé àṣàrò, tí mọ́ńkì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe, fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ní 1952, U Ba Khin, ọ̀gá àgbà àwọn akáńtáǹtì ìjọba, dá ibùdó àṣàrò sílẹ̀ ní Rangoon. S. N. Goenka, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Íńdíà ní 1969, àṣàrò náà sì ti ibẹ̀ tàn kárí ayé.

Ẹni tó ń ṣe é á jókòó, á máa ṣọ́ èémí rẹ̀, á máa wo ìrora àti ìbínú bí wọ́n ṣe ń dé tí wọ́n sì ń lọ. Búdà ní ìyà ń bẹ, ìwọra ló ń bí i, ó lè dópin, ọ̀nà rẹ̀ sì wà. Nínú ìwàásù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kalama Sutta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ kan torí pé àgbà ló wí. Kí wọ́n dán an wò.

Ibi tí Yorùbá á ti bá a jiyàn ni ti "èmi". Búdà ní kò sí "èmi" kankan tó dúró títí. Àwa ní orí ti yan ìpín tirẹ̀ kí a tó dáyé. Bí babaláwo àti mọ́ńkì bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ á ṣú bá wọn.

Ní ti Soka Gakkai, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà tó wà ní Èkó, kì í ṣe Bọ́mà ló ti wá. Japan ni, ìlú tí àwọn sójà wa bá jà. Àwọn kì í ṣàṣàrò ní ìdákẹ́jẹ́: ohùn rara ni wọ́n fi ń pe orúkọ ìwé Lotus Sutra. Tsunesaburo Makiguchi, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1930, kú sí ẹ̀wọ̀n ní Tokyo ní oṣù kọkànlá 1944, torí ó kọ̀ láti tẹ̀ lé ẹ̀sìn tí ìjọba ogun náà fi dandan lé.